Ìlà íntánẹ́ẹ̀tì méjì la ní, síbẹ̀ fóònù ọ́fíìsì kú

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ rèé:

"Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ní, ọ̀kan nítòsí Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, èkejì ní Owódé ní Ọ̀yọ́. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni àwọn dókítà àti àwọn aláìsàn fi ń pè wá. Fóònù orí tábìlì tó ń bá íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ la ń lò, PBX tó ń pín ìpè sí yàrá kọ̀ọ̀kan sì wà nínú àpótí kékeré kan ní Tákíè. Nígbà tí katapílà tó ń ṣe ọ̀nà já fáíbà wa, a kò gba ìpè kankan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí n ra íntánẹ́ẹ̀tì kejì, mo rà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fáíbà tún já. Kọ̀ǹpútà bọ́ sórí ìlà kejì, WhatsApp ń wọlé, èsì àyẹ̀wò ń lọ lórí ímeèlì, àmọ́ fóònù dákẹ́ lọ gbári. Ẹni tó bá pè á gbọ́ pé a kò sí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló tún kù tí n óò rà?"

* * *

Ẹ má tíì ra nǹkankan, ọ̀gá. Owó tí ẹ ná sórí ìlà kejì kò ṣòfò, ṣùgbọ́n àwọn tó ń pè yín kò mọ̀ pé ìlà náà wà.

Tí ẹ bá ṣí WhatsApp, ẹ̀rọ yín ló ń jáde lọ bá sẹ́fà wọn. Ìlà tó bá gbà jáde ni èsì máa gbà padà wá. Ìpè tó ń wọlé yàtọ̀, ìta ló ti ń bọ̀. Àdírẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ tó fún yín ní nọ́ńbà mọ̀ fún PBX yín ni àdírẹ́sì ìlà àkọ́kọ́, ìlà yẹn sì ti kú. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn tí kò sí ẹni lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n wá sọ fún ẹni tó pè pé ẹ kò sí.

Ibi tí nọ́ńbà ń gbé ṣe pàtàkì ju iye ìlà tí èèyàn rà lọ, mi ò sì ní kúrò lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Tí ẹ̀rọ tó ń dá ìpè lóhùn bá wà nínú ọ́fíìsì, wáyà tó wọ ọ́fíìsì yẹn ló máa pinnu ọjọ́ tí ẹ máa ṣiṣẹ́ àti ọjọ́ tí ẹ kò ní ṣe é. Tó bá wà níta, níbi tí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ́fíìsì Tákíè lè wà láìní nǹkankan kí aláìsàn tó pè ṣì gbọ́ ohùn èèyàn láti Owódé tàbí láti orí síìmù ẹnìkan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín.

* * *

Ó ti tó ẹni mẹ́ta tó dáhùn pé kí ẹ kàn fi síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì sínú ráútà kan, ó parí. Kò parí o.

Ní Nàìjíríà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń gbé ẹ̀rọ wọn sórí òpó kan náà. Ilé-iṣẹ́ olópòó, irú bíi IHS àti ATC, ló ni òpó, àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kàn ń háyà ààyè lórí rẹ̀ ni. Bí dísẹ́lì bá tán lórí òpó yẹn, síìmù méjèèjì jọ lọ nìyẹn. Òpó pàápàá, fáíbà ló ń gbé ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo ti rí ọ́fíìsì tí fáíbà rẹ̀ àti 4G tó yẹ kó gbà á sílẹ̀ jọ kú pọ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà, nítorí inú kòtò kan náà ni wáyà méjèèjì gbà. Ọ̀nà méjì tó pàdé lórí afárá kan ni wọ́n.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún ìlà kejì, ẹ bi àwọn tó ń tà á léèrè: ibo ni ìlà yín gbà wọ Ògbómọ̀ṣọ́? Ṣé láti Ìbàdàn gba Ọ̀yọ́ ni, àbí láti apá Ìlọrin? Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń tajà fún yín lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ wọn mọ̀ ọ́n. Bí ìlà méjèèjì bá jọ gba ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń wa ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ìlà kan ni ẹ ní, owó méjì lẹ kàn ń san.

Ẹni tó ní kí wọ́n ra Starlink sọ òótọ́ lápá kan. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ló ti wà ní Nàìjíríà, kò sì bá kòtò kankan ṣe. Sátẹ́láìtì rẹ̀ ò ju nǹkan bíi kìlómítà 550 sókè, nígbà tí sátẹ́láìtì ayé àtijọ́ tí àwọn báǹkì máa ń lò wà ní kìlómítà 35,786. Ohùn tó bá gba ti òkè réré yẹn á lò ju ìdá 240 lọ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé etí ẹnì kejì. ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀, ní kó má ju 150 lọ kí ọ̀rọ̀ tó lè dùn ún sọ. Starlink kò ní ìṣòro yẹn.

Ohun méjì ni ẹni náà kò sọ fún yín. Àkọ́kọ́, lórí ètò lásán tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà, Starlink kì í fún yín ní àdírẹ́sì tiyín tí ará ìta lè fi kàn yín lára. Ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ jọ wà lẹ́yìn àdírẹ́sì kan. PBX tó jókòó dúró de ìpè lẹ́yìn rẹ̀ kò ní rí ìpè. Àfi kí òun fúnra rẹ̀ jáde lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ nọ́ńbà. Èkejì ni iná: ráútà lásán lè jẹ wáàtì 10, àwo Starlink lè jẹ 50 sí 75. Bátìrì yín á mọ ìyàtọ̀ yẹn.

* * *

Ẹnìkan tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìwé kan bèèrè pé: sẹ́fà fóònù àwọn wà níta, ìlà méjì wà, ráútà ń yí láti ọ̀kan sí èkejì fúnra rẹ̀, síbẹ̀ fóònù máa ń kú fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ju owó nù, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Fóònù SIP, ìyẹn irú fóònù tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì pè, máa ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ sẹ́fà, á ní "ibi tí mo wà rèé," á sì sọ iye àkókò tí ọ̀rọ̀ náà fi múlẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ìṣẹ́jú àáyá 3600 ni wọ́n fi síbẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Wákàtí kan nìyẹn. Ìlà àkọ́kọ́ já, ráútà yí sórí èkejì, àdírẹ́sì yí padà, ṣùgbọ́n fóònù kò rí ìdí tó fi yẹ kó tún orúkọ kọ. Sẹ́fà ń fi ìpè ránṣẹ́ síbi àtijọ́. Ẹ sọ ọ́ di 60 tàbí 120. Ẹni tó ní ó máa di ẹrù lé sẹ́fà lórí, lórí fóònù ogún tàbí ọgbọ̀n kò sí ẹrù kankan níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ráútà fúnra rẹ̀. SIP lórí UDP, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń fi pákẹ́ẹ̀tì kéékèèké, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀, ránṣẹ́ lemọ́lemọ́ kí ọ̀nà má bàa tì. Ráútà rántí pé ìlà àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń gbà, àwọn pákẹ́ẹ̀tì kéékèèké yẹn kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé. Ó ti yí gbogbo nǹkan yòókù sórí ìlà kejì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ti ọ̀rọ̀ fóònù sínú ìlà tó ti kú. Lórí ráútà MikroTik, mo máa ń kọ ìwé àṣẹ kékeré tó ń pa àkọsílẹ̀ yẹn rẹ́ ní kété tí ìlà bá yí. Ẹni tí kò lè kọ ọ́ lè gbé fóònù kúrò lórí UDP bọ́ sórí TCP tàbí TLS, àwọn ọ̀nà mìíràn tó wà nínú ètò fóònù náà, ìyẹn á dín wàhálà náà kù. Kó sì pa ohun tí wọ́n ń pè ní SIP ALG nínú ráútà, ó ń da ọ̀rọ̀ rú ju bó ṣe ń tún un ṣe lọ.

Àìsàn kẹta, òun ló wọ́pọ̀ jù: ráútà ń wo ibi tí kò yẹ. Ó ń fi ping, ìyẹn ìbéèrè kékeré pé "ṣé o wà?", yẹ modẹ́ẹ̀mù tó wà lórí ògiri wò, modẹ́ẹ̀mù ń dáhùn, ó ní ìlà wà. Fáíbà sì ti já ní kìlómítà mẹ́wàá síbẹ̀! Ẹ jẹ́ kó máa wo òkèèrè, bíi 8.8.8.8 tó jẹ́ àdírẹ́sì Google, kó sì jẹ́ pé ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni àyẹ̀wò yẹn lè gbà. Ẹ wo 1.1.1.1 ti Cloudflare náà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ má bàa kéde ikú ìlà nítorí ẹnìkan ṣoṣo tí kò dáhùn. Tí ìlà àkọ́kọ́ bá sì padà dé, ẹ má jẹ́ kó sáré padà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìlà tó ń wá tó ń lọ máa ń gé ìpè ju èyí tó kú pátápátá lọ.

Ìpè tó ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ìlà bá yí máa já, mi ò ní purọ́ fún yín. Kí akọ̀wé mọ̀ pé òun ló máa pe ẹni náà padà.

Ẹ má sì pín ohùn sórí ìlà méjì lẹ́ẹ̀kan náà kí ó lè "yára". Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa pín in tó bá fẹ́. Fóònù, ìlà kan ni, pẹ̀lú ọ̀kan tó ń dúró dè é.

* * *

Ìyá kan tó ń gba iṣẹ́ oúnjẹ ìnáwó ní Arówómọlẹ̀ kọ̀wé pé òun ò lo PBX kankan, síìmù lòun ń lò, òun sì ti darí rẹ̀ sí síìmù ọmọ òun. Àwọn kan fẹ́ fojú tẹ́ńbẹ́lú èyí. Èmi ò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ó ti ṣe ohun tí ọ́fíìsì ńlá kan kò ṣe: ó rí i dájú pé ẹnìkan máa gbé ìpè náà.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é: ẹ tẹ **62*, ẹ kọ nọ́ńbà kejì, ẹ fi # parí rẹ̀, ẹ pè é. Bí síìmù àkọ́kọ́ bá ti kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìpè á lọ sí èkejì. **61* ni ti ìgbà tí ẹ kò bá gbé e, **67* ni ti ìgbà tí ẹ bá ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. ##62# ló ń pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹni tó darí ìpè ló ń sanwó ẹsẹ̀ kejì ìpè náà, nítorí náà síìmù tí kò ní owó nínú kò ní darí nǹkankan.

Fún ọ̀gá tó béèrè, nọ́ńbà yín kì í ṣe ti síìmù, ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó fún yín ní nọ́ńbà lẹ máa sọ fún pé: bí PBX wa kò bá dáhùn, ẹ gbé ìpè lọ sí Owódé, bí Owódé náà kò bá sí, ẹ gbé e lọ sí síìmù báyìí. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ètò náà wà. Mo ti bá a ní ibi púpọ̀ pé wọ́n kọ ètò dídarí ìpè sínú PBX tó wà nínú ọ́fíìsì, PBX náà sì ni ìpè kò lè dé. Iṣẹ́ asán ni.

Kí síìmù tí ìpè máa bọ́ sí náà ní olówó orí, kì í ṣe kí ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ta ló ń mú un lọ jẹun ọ̀sán? Ta ló ń ṣàájì rẹ̀? Ṣé nọ́ńbà àwọn dókítà wà nínú rẹ̀?

* * *

Ọ̀rẹ́ kan bínú sí mi pé mo ń lé gbogbo èèyàn síta, àti pé tí sẹ́fà bá wà ní ìta, nígbà tí ìlà bá já, yàrá kìíní kò ní lè pe yàrá kejì nínú ilé kan náà. Ó tọ́, kò sì kéré. Nílé ìwòsàn tó ní ibùsùn, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń pe yàrá iṣẹ́ abẹ lóru, mi ò ní gbé PBX kúrò nínú ilé láéláé. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìpè abẹ́lé, kí nọ́ńbà tí ará ìta ń pè ní ẹni tó ń dá a lóhùn ní ìta. Àwọn méjèèjì lè jọ wà. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí yàrá rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ lè dìde lọ bá ara wọn, ti ìta ló yẹ kó mú.

Èyí tí mo fẹ́ kí a jọ jà lé lórí ni ibo ní ìta. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Ọ́fíìsì kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní sẹ́fà fóònù wọn ní Yúróòpù, nítorí owó rẹ̀ kò pọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, fáíbà wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò já, òpó kò kú, iná wà, ṣùgbọ́n wọn kò lè pe ọ́fíìsì wọn tó wà nínú ìlú kan náà. Ohùn wọn ní láti rìnrìn àjò dé Yúróòpù kó tó padà wá. Ìpè láti Tákíè sí Owódé kò níṣẹ́ lókè òkun. Ẹ wá ẹni tí sẹ́fà rẹ̀ wà ní Èkó, tó sì so mọ́ IXPN tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ wa ti ń pàdé ara wọn. Bí okùn abẹ́ òkun bá tún já, ìpè abẹ́lé á máa lọ.

* * *

Àwọn àgbà tó ń sọ pé fóònù NITEL ayé ìjọ́un kì í kú bí iná bá lọ, mo gbọ́ yín. Fóònù ìgbà yẹn kò mọ̀ bóyá iná wà nílé yín, nítorí inú wáyà fóònù náà ni iná rẹ̀ ti ń wá, láti orí bátìrì ilé-iṣẹ́ wọn. Fóònù ti òde òní ń jẹ iná lọ́dọ̀ yín, ráútà ń jẹ iná, àpótí fáíbà tó wà lára ògiri ń jẹ iná, swíìṣì tó so wọ́n pọ̀ náà ń jẹ ẹ́. Mo ti wọ ọ́fíìsì tí íńfátà ti gbé fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì, tí àpótí fáíbà wà lórí iná NEPA lásán. Iná lọ, ìlà lọ, wọ́n ń bú àwọn tó ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn.

Bátìrì fóltì 12 tó jẹ́ 7Ah lè gbé ráútà wáàtì 10 fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Kò wọ́n. Ẹ fi ti àpótí fáíbà kún un, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀.

* * *

Ìbéèrè kúkurú: ṣé 4G tó láti gbé fóònù ọ́fíìsì? Ó tó. Ọ̀nà méjì tí fóònù ń gbà sọ ohùn di dátà ni G.711 àti G.729. Ìpè kan lórí G.711 kò ju kílóbíìtì 87 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, lọ́nà kọ̀ọ̀kan, lórí G.729 kò ju 31 lọ. Ìpè mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà kò tíì jẹ mẹ́gábíìtì kan lọ, kan bọ̀. Wákàtí kan ìpè lórí G.711 jẹ nǹkan bíi MB 78, lórí G.729 nǹkan bíi 28. Ohun tó ń ba ohùn jẹ́ lórí 4G ni pákẹ́ẹ̀tì tó sọnù àti èyí tó dé lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pàápàá nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń gba àtúnṣe Windows lórí ìlà kékeré yẹn. Ẹ sọ fún ráútà pé bí ó bá ti bọ́ sórí ìlà kejì, ohùn ló ṣáájú, kí fídíò dúró.

* * *

Ẹni tó béèrè nípa ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki síìmù sí, tó ń so mọ́ PBX: fún ìpè ọ́fíìsì tiyín, ó wúlò, mo sì máa ń gbé e sí ẹ̀ka kejì kí ó má bàa bá ti àkọ́kọ́ kú. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé ẹ fi gba ìpè òkè òkun wọlé kí ẹ lè jèrè, ẹ lé e jáde. NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò fóònù, ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀.

Síìmù tí ẹ bá fi pamọ́ sínú ráútà pàápàá, ẹ má gbàgbé rẹ̀. Òfin NCC fàyè gba ilé-iṣẹ́ láti ti síìmù tí kò ṣe ohunkóhun tó mówó wọlé fún oṣù mẹ́fà, bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá sì kọjá, nọ́ńbà náà lè bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ń retí pé síìmù náà máa gba òun sílẹ̀ lọ́jọ́ tí fáíbà bá já lè bá a pé ó ti kú ṣáájú fáíbà. Ẹ ra dátà sí i, ẹ fi pe èèyàn lóòrèkóòrè.

Ọ̀nà tó dára jù láti mọ̀ ni kí ẹ yọ wáyà. Kì í ṣe lálẹ́ Sátidé nígbà tí kò sẹ́ni tó ń pè, àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni, lẹ́yìn tí ẹ ti sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹ yọ fáíbà, kí ẹnìkan dúró sí òpópónà, kí ó fi síìmù tirẹ̀ pe nọ́ńbà yín. Ẹ jẹ́ kí ó máa pè títí èèyàn á fi gbé e, kí ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tó gbà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ dá fáíbà padà, kí ó tún pè. Àwọn kan ń sọ pé ìyẹn á da iṣẹ́ rú. Katapílà kò ní béèrè àkókò tó rọ̀ yín lọ́rùn.

* * *

Ọ̀gá padà wá, ó ní owó kò sí fún gbogbo èyí, kí ni òun lè ṣe lónìí.

Ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó fún yín ní nọ́ńbà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè darí ìpè láti ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí PBX Tákíè kò bá dáhùn, ẹ sì béèrè ìlú tí sẹ́fà wọn wà. Tí wọ́n bá ní àwọn lè ṣe é, ẹ fún wọn ní síìmù akọ̀wé Owódé, ẹ fi owó díẹ̀ sínú àkáǹtì yín lọ́dọ̀ wọn nítorí ẹsẹ̀ kejì ìpè yẹn. Owó káàdì nìkan nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ gbé àpótí fáíbà bọ́ sórí íńfátà. PBX ní Tákíè lè wà níbẹ̀ títí owó á fi dé. Ẹ kàn ní kí ẹni tó tò ó jẹ́ kó máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, dípò kó jókòó máa retí ìpè lórí àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ìgbà yẹn ni ìlà kejì tí ẹ ti rà máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ tí ẹ torí rẹ̀ rà á.

Tí wọ́n bá ní àwọn ò lè darí ìpè láti ọ̀dọ̀ wọn, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ síbí, kí a jọ wo ẹlòmíràn tó lè ṣe é.